Ẹlẹ́rìí Méjì Lórí Ọ̀rọ̀ Epo Ọkọ̀ Rẹ

Erúwà,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Ọmọ mi Àbdùlgàfár,

Àsàláámù àlékúmù. Mo kí ọ nítorí pé a kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láìkíni, má rò pé inú mi dùn sí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ilé ìkẹ́rùsí yín ní Ìsọlọ̀? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ bí o ṣe ń lọ tí o ń bọ̀ láàárín àwọn tírélà yẹn, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí a gbọ́ ohun tí kò dára nípa rẹ, kí ó sì fún ọ ní etí tó ń gbọ́ràn, nítorí èyí tí o ní lọ́wọ́ báyìí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmín.

Ara àwa náà le. Àgbàdo ti yọ ọmọ, àmọ́ ọ̀yà ti jẹ èyí tó wà lẹ́bàá odò. Ewúrẹ́ pupa yẹn bí méjì, Dùnní ọmọ rẹ ló ń fún wọn ní èèpo iṣu, ó ti sanra díẹ̀, ó sì máa ń bi mí pé ìgbà wo ni dádì òun ń bọ̀, mo ní kí ó dúró kí dádì rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ fún un. Bàbá rẹ náà wà. Mo bi wọ́n bóyá kí n bá wọn kí ọ, wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo bá fẹ́ kọ sínú ìwé mi, wọ́n sì yíjú sí rédíò wọn.

Ìwé ni mo kọ nítorí pé fóònù ti sú mi. Bí mo bá pè ọ́, o máa sọ pé nẹ́tíwọ̀kì kò dára, bí bàbá rẹ bá fi fóònù kan náà pè, nẹ́tíwọ̀kì á dára. O wá lọ fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sórí wasáàpù mi. Mo dá ọ lóhùn títí ọ̀fun mi fi gbẹ, mo ní Gàfárù, dákẹ́ kí n sọ tèmi, o ò dákẹ́, o kàn ń sọ tìrẹ lọ ni, nígbà tí mo sì tún tẹ̀ ẹ́, o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ìyá ẹni sọ̀rọ̀ nìyẹn? Mo ti fún awakọ̀ tó ń ná Òṣòdì ní ìwé yìí, kà á dópin, o ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. O lé ìyàwó rẹ wálé. Má sọ pé o ò lé e. O ní kí Ameenat wá sinmi lọ́dọ̀ wa, kí n sì bá ọ bi í léèrè ibi tó ń gbé ọkọ̀ lọ, pé epo tí ò ń rà kò bá ìrìn tó ń rìn mu. O ní láti ilé dé ilé-ìwé Dùnní, láti ibẹ̀ dé Bọ́ládé níbi tó ti ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà àwọn ọmọ ilé-ìwé, kò lè jẹ epo tó bẹ́ẹ̀ láyé. O tún ní Jeremy, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, rí i ní Apakun lọ́sàn-án gangan, òun àti ọkùnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo èyí ni o fi ẹ̀rọ sọ fún mi, ìyàwó rẹ sì ti wà lójú ọ̀nà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ.

Nígbà tó dé, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé ẹrù rẹ̀ wọlé, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sọ ohun kan tó burú nípa rẹ. Ìwọ Gàfárù, ṣé o ti gbàgbé pé àwa ni a lọ tọrọ ọmọ yìí lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀? Èmi yìí ni mo di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, tí mo ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé bí ọmọ tí mo bí ni màá ṣe mú un. Bí obìnrin yẹn bá bá mi pàdé ní ọjà Ìgbóọrà báyìí, ojú wo ni kí n fi wò ó? Kí n ní nítorí epo bẹntiróòlù ni?

Síbẹ̀ mo ṣe bí o ṣe wí, mo ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá gbé fóònù, màá fetí sí i. Bí ó bá ní òun ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé, màá dìde bí ẹni tó fẹ́ da omi nù. Mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ìsọmọlórúkọ àbúrò Rùkáyátù ìbátan wa wá ṣẹlẹ̀ ní Ìgbóọrà, èmi àti òun wọ ọkọ̀, a ra epo kún táńkì nílé epo, èmi fúnra mi rí ọwọ́ tó ń tọ́ka epo bó ṣe dìde dúró ṣánṣán. Èmi ni mo jókòó níwájú. Mi ò sùn. Ọkọ̀ wà níwájú ilé ọlọ́mọ níbi tí ojú mi ti tó o títí a fi jẹun tán. Nígbà tí a padà dé Erúwà, ọwọ́ yẹn ti tẹ̀ sílẹ̀ bí aláìsàn. Mo ní kí ló dé? Ta ló mu epo yìí? Ṣé èmi ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.

Ọkọ̀ náà tún ń rùn. Mo rò pé adìyẹ wa kan ló yé ẹyin sínú búùtù tí ẹyin náà sì fọ́. Mo kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti sáná sí i, òórùn ẹyin dídíbàjẹ́ á tún gbòde. Èéfín dúdú ló sì ń yọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń nu ọkọ̀ náà ni mo ti rí téèpù dúdú kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo fi èékánná họ ọ́ kúrò, nígbà tí Ameenat sì sáná, iná olómi ọsàn kan tàn níbẹ̀. Búútà ni! Búútà àlùwàlá, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ ìdìmú. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Mo ní sùbùhánà-llàhì, ọkọ̀ yìí ń pe èèyàn sí ìrun, Gàfárù wá lẹ téèpù mọ́ ọn lójú! Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ṣe àlùwàlá, mo kírun. Nígbà tí mo padà, búútà ṣì ń tàn, mo ní bóyá ti Ameenat ló kù. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. Ó ní Màámi, kì í ṣe búútà, àmì pé nǹkan ń ṣe ẹ́ńjìnnì ni. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti ń tàn, òun sọ fún ọ, sọ fún ọ, o ní kò sí nǹkan kan, pé bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó bá ti dàgbà ṣe máa ń ṣe, nígbà tí òun ò sì dákẹ́, o fa téèpù yọ, o fi bò ó.

Àbí o rí nǹkan? Ọkọ̀ ń kígbe, o fi nǹkan dí i lẹ́nu. Ìyàwó ń kígbe, o dì í lẹ́rù. Ta wá ni kò gbọ́ràn nínú gbogbo wa?

Mo sọ fún bàbá rẹ pé mò ń lọ sí Èkó. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe níbí, sípánà nìkan ni wọ́n ní, mo sì ti gbọ́ pé Babáwálé, ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ta gààrí, ti di mẹkáníìkì ńlá ní Ìsọlọ̀, pé ó ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Èmi àti Ameenat gbéra ní ìdájí, a kó epo sínú kẹ́ẹ̀gì dání. A dé Ìsọlọ̀. A gba iwájú ilé iṣẹ́ yín kọjá, mo rí géètì yín, mo rí àwọn tírélà tó tò síwájú rẹ̀. Mi ò yà. Mo ní kí ó máa wakọ̀ lọ.

Babáwálé dọ̀bálẹ̀ kí mi, ara rẹ̀ yá gan-an, ó ti yọ ikùn. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sikánà, ó ti okùn rẹ̀ bọ abẹ́ ọwọ́ ìwakọ̀, ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀, ó sì kọ nǹkan jáde. Babáwálé ní ó ti hàn, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ọkọ̀ ló ti bàjẹ́, òun ló ń jẹ́ kí ó máa mu epo, kí òun pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Inú kọ́kọ́ bí mi sí ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yẹn. Mo ní ọ́síjìn tí wọ́n ní ó tán ní ọsibítù nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń mí gúlegúle, ọkọ̀ ni wọ́n ń kó o fún? Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé nǹkan náà kàn ń wò ó ni. Mo ní kí ó má bínú, kí ó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àmọ́ mi ò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ọkọ̀. Gàfárù, o kéwú, o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọlúwàbí obìnrin kì í ṣe ohun tí ẹlẹ́rìí kan máa dá sọ. Mo bi Babáwálé bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ mọ Ameenat rí tẹ́lẹ̀, nítorí ẹni tó bá ní ojúsàájú kò lè jẹ́rìí. Ó ní ẹ̀rọ ò mọ ẹnì kankan. Mo ní ó dára, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ nìyẹn, ibo ni èkejì wà? Ó mú ẹ̀rọ náà, ó ní òun lè tún un bi léèrè. Mo ní ẹnì kan náà kọ́ ni yóò jẹ́rìí lẹ́ẹ̀mejì, kí ó júwe ẹlòmíràn tó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, kí ó má sì pè é lórí fóònù kí á tó dé ibẹ̀, kí àwọn ẹ̀rọ yẹn má lọ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Babáwálé wo Ameenat, Ameenat wo ilẹ̀. Ojú ọmọ náà korò díẹ̀, àmọ́ ó júwe ẹnì kan tó ń jẹ́ Sùlè fún wa ní Bọ́ládé.

Apakun ni a gbà kọjá. Nígbà tí a dé ibì kan lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ti ń tajà, Ameenat rọra dẹ ẹsẹ̀, ó ní Màámi, ibí yìí ni epo ti tán mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ti tì í títí, ó ti rẹ òun, ni ọkùnrin kan tó ń ta epo nínú kẹ́ẹ̀gì wá ràn òun lọ́wọ́, ó bu epo sí i, ó sì ní ọkọ̀ àǹtí yìí ń mu epo bí ẹni mu omi tútù, ni òun ṣe rẹ́rìn-ín. Ó ní òun sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, o ní irọ́ ni, nítorí pé Jeremy ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ẹ̀rín yẹn náà ni Jeremy rí. Kò rí i nígbà tó ń ti ọkọ̀!

Sùlè ò kánjú. Mi ò sọ ohun tí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ wí fún un. Ó ti ẹ̀rọ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ohun kan náà ló jáde, mo gbé ọwọ́ sókè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kí n dúró ná, pé ẹ̀rọ lè dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kó jẹ́ pé wáyà ló já tàbí pé páìpù èéfín ló lu. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó yẹ wáyà wò, ó yẹ páìpù wò, wọ́n dára. Ó wá ní kí Ameenat sáná títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná, kí ó máa tẹ iná rẹ̀, ó sì fi ilà kan hàn mí lójú ẹ̀rọ. Ó ní bí sẹ́ńsọ̀ bá wà láàyè, ilà náà á máa fò sókè, á máa fò sísàlẹ̀. Tiwa nà gbalaja sísàlẹ̀ láìmira. Mo ti rí irú ilà bẹ́ẹ̀ rí ní ọsibítù. Mo ní innaa lillaahi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà fún òkú, àwọn èèyàn sì yí wa ká, wọ́n ń bèèrè ẹni tó kú.

Sùlè ló ṣàlàyé ohun tí nǹkan náà ń ṣe, kí o sì fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ó ní inú páìpù tí èéfín ń gbà jáde ló ń gbé, ó ń gbóòórùn èéfín, ó sì ń sọ fún ọpọlọ ọkọ̀ bóyá epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Tiwa ti kú, ohun kan ṣoṣo ló wá ń sọ láàárọ̀ àti lálẹ́, pé epo ò tó, epo ò tó. Ọpọlọ sì gbà á gbọ́, ó ń da epo sí i, gbogbo ara ọkọ̀ ń rùn, èéfín ń yọ, iná ń tàn, ọpọlọ ò wo gbogbo ìyẹn, ohun tí aṣòfófó ìdí èéfín bá sọ ló ń tẹ̀ lé. Mo ní mo mọ ẹni tí orí rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Sùlè rò pé mò ń sọ nípa ọkọ̀ mìíràn, ó ní kí n gbé e wá. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ìsọlọ̀, Jeremy ni sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀.

Sùlè fi tuntun sí i, mi ò jẹ́ kí ó fi tòkunbọ̀ sí i. Ó fi ẹ̀rọ pa búútà yẹn rẹ́. Ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ni, mo gbà fún un nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, àmọ́ èmi mọ búútà bí mo bá rí i. Epo tí a rà ní Òṣòdì gbé wa dé Erúwà, ó tún ṣẹ́ kù, ọkọ̀ ò sì rùn mọ́.

Mo di sẹ́ńsọ̀ tó kú yẹn sínú àǹkáṣíìfù. Ní ọjọ́ kejì mo pe bàbá rẹ àti ẹ̀gbọ́n wọn jókòó, mo tẹ́ ẹní, mo gbé e kalẹ̀ sáàárín, mo ro ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní kò sí àní-àní, òun ni. Ara mi yá. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo ní Ìyá Dùnní, ó ti parí, ẹlẹ́rìí méjì ti gbè ọ́, àwọn àgbà ti gbà, dìde kí o di ẹrù rẹ, kí o máa lọ bá ọkọ rẹ, kí ojú tì í.

Kò dìde. Ó ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, Màámi, bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ti sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ ńkọ́, kí ni ẹ̀ bá pè mí?

Gàfárù, mo fa àpótí mọ́ra. Mo jókòó tì í, mo gba díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ náà, mò ń bá a já a. Ó ti mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun. Ó mọ̀ pé mi ò da omi kankan nù lẹ́yìnkùlé. Ojú tì mí, ó dùn mí wọ eegun. Ó ní òun ò bínú sí mi, ṣùgbọ́n òun ò lè padà sílé ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló máa sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún un, pé lọ́jọ́ mìíràn ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹ̀rọ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ọkọ̀ ò ní padà, ìyàwó ò sì ní padà, ìwọ ni wàá wá. Wọ bọ́ọ̀sì wá bí gbogbo èèyàn. Bí o bá dé, má dárúkọ sẹ́ńsọ̀ rárá, ìyẹn ti tán ní Bọ́ládé. Èsì ìbéèrè tó bi mí ni kí o rò lọ́nà, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún un. Má bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Jeremy. Kí o mú owó dání pẹ̀lú, nítorí owó gààrí mi ni mo fi ra sẹ́ńsọ̀ náà, bàbá rẹ sì nílò bátìrì rédíò. Má fi owó náà ránṣẹ́ sórí fóònù o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjelòó, ọkùnrin oní-POS ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi níwájú òun, mo ní ta ló ń sọ àṣírí fún ẹni tí kò mọ̀ rí, mo sì padà sílé.

Kí Ọlọ́run bù sí ọ̀nà rẹ. Kí ó là ọ́ lójú inú, kí ó tu ọkàn ìyàwó rẹ lára, kí ó jẹ́ kí Dùnní rí bàbá rẹ̀ kí èèpo iṣu tó tán. Mi ò ṣépè fún ọ, ọmọ mi ni ọ́, mo kàn bínú ni. Títí di ọjọ́ tí o bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ wọ àgbàlá yìí, orúkọ tí mò ń jẹ́ nìyí, bẹ́ẹ̀ ni kí o sì máa pè mí:

Ìyá Ameenat.